Ìkọ̀wé Àtinúdá Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Láti Mú Àká Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Gbòòrò

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá máa ń ráhùn lé lórí nígbà tí ó bá ń ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan wà tí ó wọ́pọ̀ ju àwọn yòókù lọ: ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Ohun gbogbo tí ó bá dára, "ó dára gan-an" ni. Ohun gbogbo tí ó bá burú, "kò dára rárá" ni. Ẹni tí ó rìn, "ó lọ". Ẹni tí ó sáré, "ó lọ kíákíá". Ẹni tí ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé, òun náà "ó lọ" ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì tán pátápátá, akẹ́kọ̀ọ́ a nawọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àròkọ a sì di àmúlùmálà.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò fún àìsàn yìí kò ju ọ̀kan lọ. Olùkọ́ a kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tàbí ogún sí ojú pátákó, a kọ ìtumọ̀ wọn síwájú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ a sì há wọn sórí. Nígbà ìdánwò, wọn a kọ wọ́n sílẹ̀ láìṣìkan. Bí ìdánwò bá ti kọjá, àwọn ọ̀rọ̀ náà a bá a lọ. Nínú àròkọ tí ó bá tẹ̀lé e, "ó dára gan-an" náà ni yóò tún jáde.

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ọ̀nà mìíràn, èyí tí í ṣe ìkọ̀wé àtinúdá: ìtàn kúkúrú, àpèjúwe, ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ àti ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ. Kókó iṣẹ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ kì í di ti ènìyàn nítorí pé wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ń di tirẹ̀ nígbà tí ó bá ní ohun kan láti sọ, tí ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó o sọ, tí ó wá òmíràn kiri, tí ó sì yàn án láàrin ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà kì í ṣe láti pín ọ̀rọ̀ bí ẹni ń pín iyọ̀, bí kò ṣe láti dá àìní sílẹ̀, àìní tí yóò lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní àkókò yìí. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà yìí, wọ́n sì dá ipò èdè ìkọ́ni padà fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí túmọ̀ sí pé ìwọ̀nba wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ Yorùbá gan-an ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti máa bá èdè náà pàdé ní ilé-ìwé. Bí ẹni tí ó dúró níwájú kíláàsì ní wákàtí náà kò bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò sí ẹlòmíràn tí yóò fún ọmọ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kí ó tó kan ọmọ tí yóò lọ kọ́.

Mímọ ọ̀rọ̀ létí àti mímọ̀ ọ́n lẹ́nu

Oríṣi mímọ̀ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ èdè. Àkọ́kọ́ ni mímọ ọ̀rọ̀ létí: bí ẹnìkan bá sọ ọ́, yóò yé olùgbọ́, bí ó bá wà nínú ìwé, yóò yé òǹkàwé. Èkejì ni mímọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àti lójú gègé: ọ̀rọ̀ náà a máa wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá nílò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni oko tí olùkọ́ ní láti ro.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú èyí yé ni. Ọmọ tí ó dàgbà sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ti gbọ́ ọ rí pé iṣu ni wọ́n ń wa, àgbàdo ni wọ́n ń ya, ata ni wọ́n ń já, ọsàn ni wọ́n ń ká. Kò sí ọ̀kan tí yóò ṣe àjèjì sí i nínú wọn bí àgbàlagbà bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí ó kọ àròkọ lórí ọjọ́ kan lóko, ó ṣeé ṣe kí ó kọ ọ́ pé wọ́n "kórè" iṣu, wọ́n "kórè" àgbàdo, wọ́n sì "kórè" ata. Gbólóhùn rẹ̀ kò ní àṣìṣe gírámà kankan. Síbẹ̀, oko tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ti pàdánù nǹkan, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan tí ó fi sílẹ̀ ní àwòrán ọwọ́ nínú: ẹni tí ó ń wa iṣu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ó ń ká ọsàn gbójú sókè.

Bákan náà ni ó rí nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́, wọ́n ń rin gbágùúdá, wọ́n ń kù èlùbọ́, wọ́n sì ń yan gàrí. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrú, sílébù kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi rọrùn láti sọnù. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í tètè parẹ́, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó bá ohun mu ni ó ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún rẹ̀.

Ẹ̀rí láti ọwọ́ àwọn onímọ̀

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè ní ilẹ̀ mìíràn ti ṣe àyẹ̀wò irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1985, Merrill Swain, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ́ ní ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń gbọ́ èdè Faransé lójoojúmọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì ń kà á lọ́nà tí ó wú ni lórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ tàbí kọ ọ́, ó hàn gbangba pé wọn kò tíì dé ipò àwọn ọmọ tí ó ni ín. Àlàyé tí Swain ṣe ni pé gbígbọ́ nìkan kò tó. Nígbà tí ènìyàn bá ń gbìyànjú láti sọ tàbí láti kọ nǹkan ni ó tó ń rí àlàfo tí ó wà nínú ìmọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2001, Batia Laufer láti Ísírẹ́lì àti Jan Hulstijn láti Nẹ́dálándì gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí ó bá tàwọn ọ̀rọ̀ tuntun mu ní pàtó. Wọ́n sọ pé ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí ọ̀rọ̀ tuntun yóò ṣe dúró lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́: àìní, ìwákiri, àti ìdíwọ̀n. Àìní ni pé kí ọ̀rọ̀ náà wúlò fún ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ìwákiri ni pé kí ó sa ipá láti rí i. Ìdíwọ̀n ni pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà wé àwọn mìíràn, kí ó lè mọ̀ bóyá òun ni ó yẹ níbẹ̀. Wọ́n dán èyí wò láàrin àwọn tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Àwọn kan kàn ka àyọkà tí àwọn ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Àwọn kan kà á, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo. Àwọn kan fi àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ àròkọ. Àwọn tí ó kọ àròkọ ni wọ́n rántí ọ̀rọ̀ jù. Òótọ́ ni pé àkókò tí wọ́n lò gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé náà ni ó mú kí wọ́n fara balẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n di òǹkọ̀wé

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ti wá. Ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. D. O. Fágúnwà, ọmọ bíbí Òkè-Igbó, gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní ọdún 1938. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé nípa igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí kò lè fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìkan ṣe é. Ó ní láti sọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ lórúkọ, kí ó ṣe àpèjúwe wọn, kí ó sì jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Orúkọ bí Olóhùn-iyọ̀ fi hàn bí ó ṣe ṣe é: ó mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ohùn àti iyọ̀, ó sì fi wọ́n mọ ènìyàn kan tí kò ṣeé gbàgbé. J. F. Ọdúnjọ náà, tí ó kọ Aláwìíyé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ ni kí ó tó di òǹkọ̀wé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ni yóò di Fágúnwà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́ lára àwọn méjèèjì ni pé olùkọ́ tí ó ń kọ̀wé ń ní ọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀rọ̀ ni ó lè fún ọmọ ní ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìkọ̀wé márùn-ún fún kíláàsì

Bí olùkọ́ bá kàn sọ pé, "Ẹ kọ ìtàn kan tí ó dùn," kò tíì dá àìní kankan sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọ̀rọ̀ tí ó ní kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ó lè fa ọ̀rọ̀ tuntun jáde gbọ́dọ̀ há díẹ̀, kí ó sì ní ìdènà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ márùn-ún nìwọ̀nyí.

Èkínní ni àpèjúwe tí ó ní èèwọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn mẹ́wàá ṣe àpèjúwe ọjà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lo "dára", "burú", "púpọ̀", "gan-an", "lọ" tàbí "wá". Láìpẹ́ yóò rí i pé òun nílò kún fọ́fọ́, hó gèè, wọ́ tìrítìrí àti mọ́ tónítóní. Ìwúlò pàtàkì kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ń fi ìró yàwòrán nínú èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá rìn. Omi a máa tutù nini, kì í tutù janjan. Iná a máa gbóná janjan, kì í gbóná nini. Igi a máa ga fíofío, òru a sì ṣókùnkùn biribiri. Kò sí òfin gírámà tí yóò kọ́ ọmọ ní ìbáṣepọ̀ yìí. Inú gbólóhùn ni ó ti ń kọ́ ọ.

Èkejì ni ìtàn láti ibi iṣẹ́ ọwọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò, kí ó béèrè orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, yóò bá ẹwìrì, owú àti ẹ̀mú pàdé. Ní ọ̀dọ̀ ahunṣọ, yóò bá omù àti ọ̀kọ̀ pàdé. Bí ó bá kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ bí ẹrù lásán, wọn yóò bá ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ ní kí ó kọ ìtàn ojú ewé kan nípa ọjọ́ tí irinṣẹ́ kan bàjẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń kánjú. Nígbà tí ẹwìrì bá ya, tí iná ń kú lọ, tí oníbàárà sì ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe sọ ìtàn náà láìsọ orúkọ ẹwìrì, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn kan náà lọ́nà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń sọ ọ́ àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ bá ṣe rí. Ìròyìn ikú jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àgbàlagbà a máa papòdà, a sì máa rèwàlẹ̀ àsà. Wọ́n lè sọ nípa ẹlòmíràn pé ó ṣaláìsí, pé ó jáde láyé, tàbí pé ó tẹ́rí gbaṣọ. Bí ìkà ènìyàn bá lọ, àwọn tí ó ni lára lè sọ pé ó gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó kẹ́yìn yìí kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ìdílé olóògbé ti dá ìjà sílẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọ ara wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Irú ìkọ̀wé yìí náà ni ibi tí ìkíni ti ń wọlé: kí ó kí onídìrí pé "Ojú gbooro o", kí ó kí aláró pé "Àrẹ̀dú o", kí ó sì mọ ìgbà tí ẹ kú ewu, ẹ kú ìnáwó àti ẹ kú àfẹ́kù bá yẹ.

Ẹ̀kẹrin ni ewì kúkúrú tí ó dá lórí ohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, bí igba, igbá, ìgbà àti igbà, kí ó sì kọ ìlà mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí gbogbo wọn yóò ti jẹyọ pẹ̀lú ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi igbà akọpẹ ṣe nínú ewì yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí igbà jẹ́. Yóò sì tún rí i pé àmì ohùn tí òun ti ń wò bí ìyà olùkọ́ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tí ó fi ń bí ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀rọ̀. Láti ara kọ́ nìkan ni ẹ̀kọ́, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, ìkọ́ni, kíkọ́ àti àìkọ́ ti jáde. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbà ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì fún rédíò àti amóhùnmáwòrán fún tẹlifíṣọ̀n. Òun náà ni àwọn onímọ̀ lò nínú àkójọ èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn òde òní, ti ilé ìfowópamọ́ tàbí ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣẹ̀dá ni yóò dúró, kò sì yẹ kí olùkọ́ bínú sí ọ̀rọ̀ tí ó ti wọ èdè, bí tábìlì àti búrẹ́dì. Ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé èdè náà kò yarọ.

Ní ti ẹ̀ka-èdè, kò yẹ kí olùkọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá mú wá láti ilé. Ẹni tí ó pè é ní ẹ̀gẹ́, ẹni tí ó pè é ní gbágùúdá àti ẹni tí ó pè é ní pákí ń sọ ohun kan náà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn inú ìtàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè a máa fi ibi tí ẹni náà ti wá hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáà mọ èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó lè yàn bí ó bá ṣe yẹ.

Ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà yẹ iṣẹ́ wò

Gbogbo ohun tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí bá kọ́ ni gègé pupa lè wó lulẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá ọ̀rọ̀ tuntun kan láṣà, tí kò sì mọ àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, tí olùkọ́ sì fa ìlà pupa sí i nídìí, tí ó yọ máàkì kúrò, ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò kọ́ ni pé kí òun má dán an wò mọ́. Nígbà mìíràn yóò padà sí "ó dára gan-an", nítorí pé ó mọ àmì rẹ̀. Báyìí ni àtúnṣe tí olùkọ́ rò pé òun fi ń ran èdè lọ́wọ́ ṣe ń sọ ọ́ di tálákà.

Ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí olùkọ́ ya àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àyẹ̀wò àkọtọ́. Nínú ìwé àkọ́kọ́, kí ó wo ọ̀rọ̀ nìkan. Kí ó sì fi ìbéèrè dípò ìlà pupa. Bí àpẹẹrẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ báyìí: "Bàbá náà wá sí ilé. Inú bí i gan-an. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sunkún gan-an." Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Báwo ni ó ṣe wọlé? Kí ni ojú rẹ̀ fi hàn? Irú ohùn wo ni ó fi sọ̀rọ̀? Ọmọ náà pariwo ni, àbí ó pa á mọ́ra? Nínú ìwé kejì, ó ṣeé ṣe kí èyí jáde: "Bàbá náà já wọlé, ojú rẹ̀ le koko. Ó jágbe mọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà kò pariwo. Omijé kàn ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀." Olùkọ́ kò fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè ni ó fún un.

Ìwé kejì yìí ni kí olùkọ́ wá tún àkọtọ́ àti àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ọmọ bá pọ̀ ní kíláàsì, kí wọ́n ka iṣẹ́ ara wọn ní méjìméjì, kí oníkálukú kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ìwé ẹnìkejì rẹ̀, kí olùkọ́ sì gba díẹ̀ nínú wọn yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí atúmọ̀ èdè wà nítòsí pẹ̀lú. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ jáde ní Èkó ní ọdún 1913 àti ti R. C. Abraham tí ó jáde ní ọdún 1958 ṣì wúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá inú wọn. Ṣùgbọ́n atúmọ̀ èdè tí ó dára jù ni àgbàlagbà tí ó wà ní àdúgbò, nítorí pé òun yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ àti ibi tí kò ti yẹ.

Ewu kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ lé ara wọn bí igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun mu ni àká ọ̀rọ̀ tí ó lọ́rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó gùn. Bí "ó jókòó" bá tó, kí ó kọ "ó jókòó".

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Àwọn òbí kan, àti àwọn olùkọ́ kan pàápàá, ń bẹ̀rù pé àkókò tí ọmọ bá lò lórí ìkọ̀wé Yorùbá yóò dín Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kù. Ìrírí kò fi èyí hàn. Ní ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ láti ọdún kìn-ín-ní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọ tí ó ti mọ̀ nínú èdè abínibí rẹ̀ pé ìrìn kì í ṣe oríṣi kan, pé ẹnìkan ń yan, ẹnìkan ń tiro, ẹnìkan sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, yóò máa wá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè kejì. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà kò ní béèrè fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò lò ju ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ lọ ní ilé-ìwé, kọ ìtàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1952, tí ayé sì ń kà títí di òní. Àká ìtàn àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó fi bọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ márùn-ún tí ó wà lókè yìí kò sì mọ sí èdè Yorùbá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè lò pẹ̀lú.

Mímọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i

Kò yẹ kí olùkọ́ máa fojú inú wo ìtẹ̀síwájú. Kí ó pa àròkọ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà mọ́. Ní òpin sáà, kí ó mú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ àti ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àròkọ tí ó kẹ́yìn. Kí ó ka iye ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò pọn dandan nínú méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè ṣe ìkàyẹ̀wò yìí, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà tí ó ti rìn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìdánrawò lè ṣe é fún kíláàsì rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ṣe é fún iṣẹ́ ti ara rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé mímọ ọ̀rọ̀ létí yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n lẹ́nu, pé àìní, ìwákiri àti ìdíwọ̀n ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ di ti akẹ́kọ̀ọ́, àti pé ìkọ̀wé àtinúdá tí ó ní ìdènà ni ó ń mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ti fi hàn pé ọ̀nà tí olùkọ́ bá gbà yẹ iṣẹ́ wò lè mú ọ̀rọ̀ pọ̀ sí i, ó sì lè lé e lọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ kí ìkọ̀wé àtinúdá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, kì í ṣe fún àwọn tí ó bá fẹ́ràn ewì nìkan. Ó yẹ kí olùkọ́ àgbà náà kọ, kí ó sì ka tirẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì. Kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ tí yóò wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ọdún tí ń bọ̀ yóò bá olùkọ́ kan níbẹ̀. Iye ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ náà bá gbé wọlé ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ rí mú.